Ọwọ́ Ọ̀tún Ahunṣọ

Ojú èmi àti ahunṣọ kan ṣe mẹ́rin láàárín èrò tó kún gbọ̀ngàn, ọkàn mi sì fò sókè. Ọjọ́ tí àwọn ahunṣọ máa ń wá fi ọwọ́ sínú ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara ni. Bí àwòrán iṣan ìmọ̀lára wọn kò bá dára, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó sídìí òfì mọ́.

“Ẹ bọ́ òrùka yín,” mo ní. “Ẹ̀rọ yìí ń fa irin.”

“Àǹtí, ẹ̀yin gan-an lẹ ń fa èèyàn!”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Àkànjí lorúkọ ahunṣọ náà. Ó fa òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tipátipá títí ìka rẹ̀ fi bó, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, síbẹ̀ ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo di ìka náà mú, mo fi òwú nù ún. Ojú mi ló ń wò. Kò mọ̀ pé mo di òun lọ́wọ́ mú.

Àwòrán jáde. Iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Mo fi lẹ́tà ìdádúró rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìwé títí gbọ̀ngàn fi ṣófo.

“Àǹtí, ṣé mo yege?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ òsì gbà á.”

“Kí n fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ yín? Ìyá mi kọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó na ọ̀tún, ó tún tẹjú mọ́ mi. Mo gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣì nawọ́ síbẹ̀, ó ń retí pé kí n fún òun.