Ìrì Tó Ń Jẹ Aṣọ

Alágbàfọ̀ ju ẹ̀wù funfun sórí tábìlì ọ̀gá iléeṣẹ́. Ihò wẹẹrẹ ti sọ ọ́ di asẹ́.

"Èéfín yín ló sọ ìrì di oró! Oòrùn yọ títí, kùrukùru ọ̀ún ò lọ!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìrì lásán ni. Ọṣẹ líle yín ló jẹ aṣọ."

"Ọṣẹ mi kẹ̀?" Ó fa ẹ̀wù kékeré kan yọ, òun náà lu bí asẹ́. "Mi ò tíì fọ èyí o. Ìyàwó yín ló ká a lórí okùn yín láàárọ̀ yìí, tó gbé e fún mi. Ẹ̀wù ọmọ yín ni. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀!"

Ọ̀gá gbá fóònù mú lórí tábìlì, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Gbé ọmọ wọlé kíá! Ti gbogbo fèrèsé!"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ pa ẹ̀rọ tó ń rú èéfín.