Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Télọ̀

Ẹsẹ̀ télọ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ wé yìnyín, ó gbé e lé e, ó sì fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà sókè.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá."

Ọkàn ìyàwó balẹ̀.

Télọ̀ padà sídìí máṣíìnì. Ẹsẹ̀ lásán ló máa ń fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kóun mọ ìgbà tó bá ń sáré jù.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ pọ́n, ó gbóná, ó ń ṣomi.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Kí n wá sọ fún dókítà pé kí ló ń dùn mí?"

Ẹ̀bẹ̀ ni ìyàwó fi gbé e débẹ̀.

Dókítà yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó fa abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan yọ níbẹ̀. Òwú pupa ṣì wà nínú ihò rẹ̀.

Télọ̀ mọ òwú náà. Ó ti pẹ́ tí oníbàárà ti wá gba aṣọ tó fi í rán.

"Bàbá, àtọ̀gbẹ tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn fún yẹn ti pa ẹsẹ̀ yìí kú. Àìdùn rẹ̀ gan-an ló yẹ kó lé yín wá síbí."

Dókítà di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fún un pinpin.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

Télọ̀ ń wojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"