Àwẹ̀ró Di Àwẹ̀mọ́

Láàárọ̀, Mọrẹ́nikẹ́ kì í jí ọmọ rẹ̀ láìkọ́kọ́ tan kámẹ́rà. Búlọ́ọ̀gì ọmọ títọ́ ló fi ń jẹun, òǹkàwé kì í sì í sanwó. Ọlọ́jà tó ń polówó níbẹ̀ ló ń bọ́ abúlọ́ọ̀gì.

Àwẹ̀ró ni oríkì tí ìyá àgbà fún ọmọ náà. Ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan tó fẹ́ sanwó ìpolówó ní, "Ẹ kàn bá wa yí ìparí oríkì ẹ̀ padà díẹ̀." Látìgbà náà ni Mọrẹ́nikẹ́ ti ń pè é ní àràárọ̀ pé, "Àwẹ̀mọ́, ọmọ ọlọ́ṣẹ olóòórùn dídùn!" Ọmọ á fò dìde, á kúnlẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Àná ni àdéhùn parí. Ọlọ́ṣẹ ti gba orúkọ Àwẹ̀mọ́ padà, ó ti gbé e fún ọmọ abúlọ́ọ̀gì mìíràn. Òfin ò gbà kí Mọrẹ́nikẹ́ fi pe ọmọ rẹ̀ mọ́.

Lónìí, kò tan kámẹ́rà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Àwẹ̀ró."

Ọmọ ò mira.

"Àwẹ̀ró mi, ilẹ̀ ti mọ́."

Ojú ọmọ là kedere, ó ń wo ibi tí iná kámẹ́rà máa ń wà.

"Mọ́mì, ta lẹ ń pè?"

"Ìwọ ni."

"Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ pè mí, kí n lè jí."