Orúkọ Tí Àṣírù Fẹ́ Fín Sápá

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 1968. Ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní Àpápá, ó pa Rábíù, ọmọ kan ṣoṣo tí Àṣírù bí.

Lónìí, oṣù méjì lẹ́yìn náà, Àṣírù fọ apá rẹ̀, ó gba Ajégúnlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Tàwàkálítù, obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ fín orúkọ sára.

"Bàbá Rábíù, ẹ̀yin tí ẹ ń ru àpò sìmẹ́ńtì nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ má sunkún abẹ́rẹ́ o!" Tàwàkálítù fi ṣàwàdà.

Àṣírù ò rẹ́rìn-ín.

Tàwàkálítù rẹ ohùn sílẹ̀. "Orúkọ Rábíù ni, àbí?"

"Rárá. Orúkọ tèmi ni. Fín in kó tóbi. Ọ̀la ni mò ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí omi."

"Ta ni ò mọ̀ yín, Bàbá?"

Àṣírù na apá sí i.

"Òkú mẹ́ta ni wọ́n fà jáde. Omi ti ba ojú wọn jẹ́. Èmi tí mo bí i, mi ò dá a mọ̀. Bí omi bá gbé èmi náà, mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dúró ti òkú kó máa wá mi."

Ohun tí Rábíù fi sílẹ̀ nìyí: agbádá Iléyá tí kò tíì wọ̀, ìyàwó tó lóyún, àti sàréè mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ ń gbá ní ọjọọjọ́ Jímọ̀.