Ẹni Tí Kò Bá Alága Tan

Ìdáyátù, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ń gbàdúrà kí Fuad má sọ òtítọ́.

Garki la wà, lọ́dún 2006. Báńkì ti kìlọ̀ fún ilé-iṣẹ́ bisikíìtì Àlàájì Bùsàrí: ẹ fi ẹni tí kò bá Alága tan sínú ìgbìmọ̀, ẹni tó lè ta kò ó lójú.

Fuad ni wọ́n mú wá, ẹnjiníà kan láti Kuje.

Alága ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ àbúrò òun. Gbogbo ìgbìmọ̀ gbà.

Fuad nawọ́ sókè. "Ẹ má bínú, Àlàájì. Mo lọ wo ẹ̀rọ yẹn. Ó ti kú."

Ìdáyátù di ojú.

Bí Àtàndá, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá nítorí báńkì, ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé nìyẹn. Ismaheel tó tẹ̀lé e náà sọ tiẹ̀. Lónìí, ìdọ̀bálẹ̀ làwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé.

Alága dìde, ó dì mọ́ Fuad tomijé-tomijé. "Olóòótọ́ bíi tìẹ kì í ṣe ẹni à ń fi sílẹ̀ lóde. Láti òní lọ, àna mi ni ọ́."

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Kí o sì sọ fún báńkì pé a ó tún wá ẹlòmíràn tí kò bá mi tan."

"Ó dáa, Bàbá mi," ni Ìdáyátù wí.

Nínú àwọn ọmọbìnrin Alága, òun nìkan ni kò tíì lọ́kọ.