Gáùn Tó Ṣe Wẹ́kú

"Dókítà, aṣọ kì í parọ́. Ara ọmọ mi ti yá."

Ìyá télọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sá fún oúnjẹ bí ẹni ń sá fún ejò. Gáùn tí ìyá rán fún un wá ń mì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Lónìí, gáùn yẹn ṣe wẹ́kú lára rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀rù oúnjẹ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀? Ìyẹn gan-an ni ìwòsàn. Ojú tó ń rí i lójoojúmọ́ kì í sì í tètè mọ̀ bóyá ó sanra ni àbí ó rù. Ẹ mú un wá ká gbé e sórí ìwọ̀n."

"Ẹ ṣeun, dókítà. Kò nílò ẹ̀."

Ó pa fóònù. Ọmọ ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá ní kóun bá a lọ gáùn náà lẹ́ẹ̀kan.

Ó yí inú rẹ̀ síta, ó mú áyọ́ọ̀nù.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ojú rírán tirẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó fi ẹ̀rọ rán. Òmíràn wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi rán ìyẹn. Òmíràn tún sún wọnú ju ìyẹn lọ. Òwú ti ìkẹyìn ṣì ń dán.

Rírán kéékèèké tí kì í hàn síta. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń dín aṣọ tó bá tóbi kù.

Gáùn náà ti ń bá ọmọ rù.

Ohùn kan jáde láti balùwẹ̀.

"Màámi, ẹ má wulẹ̀ lọ gáùn yẹn o. Mo máa lọ̀ ọ́ fúnra mi."