Bẹ́líìtì Tó Ń Bá Èémí Rìn

Bọ́látitó so ìgbàyà rọ́bà mọ́ àyà, ó mí sínú, bẹ́líìtì tó ń kó hóró kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òfin ni pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa bá èémí òṣìṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ rìn.

“Bọ́lá, mí dáadáa o,” Bàbá Adégún pariwo láti òdìkejì bẹ́líìtì, níbi tí òun àtàwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti ń ṣa kòkó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. “Àbí o fẹ́ kí n dúró títí eyín tó kù lẹ́nu mi á fi bọ́ sídìí bẹ́líìtì yìí ni?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Eruku ọyẹ́ ni.”

Kí ó tó di ọ̀sán, ikọ́ kò jẹ́ kó lè mí dáadáa mọ́, bẹ́líìtì náà sì dúró. Ọ̀gá wọlé. Òfin yẹn náà ló ní kí ó bi gbogbo òṣìṣẹ́ ìdí bẹ́líìtì léèrè lójú Bọ́látitó. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní iṣẹ́ ti falẹ̀ jù, wọn á tú ìgbàyà náà, Bọ́látitó á sì lọ jókòó sílé títí ayé.

Wọ́n dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò falẹ̀. Ó ku Bàbá Adégún. Bọ́látitó di etí bẹ́líìtì mú, kò lè gbójú sókè.

“Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé kò falẹ̀ jù fún yín?” Ọ̀gá bi í.

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fa àga, ó jókòó. “Ó tiẹ̀ ń sáré jù fún mi,” ó ní.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń tẹ́tí sí àyà Bọ́látitó. Nígbà tó yá, ó mí sínú dáadáa, bẹ́líìtì sì gbéra.